Ago Kọfí Tí Purna Kò Mu

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Faraj ọmọ Almas fi tọ́jú aṣọ àti bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù Qatar. Kò sí ibi tí wọ́n tún ti ń pè é ní Faraj mọ́ àfi inú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Bàbá Nayif ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, láti orí akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ funfun tí kò lè pe orúkọ náà tọ̀nà, dé orí àwọn tó ń fọ abọ́ nílé ìdáná àgọ́. Ó mọ ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ. Ó mọ ẹni tí kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun lọ́jọ́ ìdíje. Ó mọ ẹni tó ń purọ́ pé orúnkún kò dun òun mọ́, nítorí bàtà kì í purọ́ ní tirẹ̀, ibi tó bá ti jẹ lábẹ́ ni yóò sọ ẹsẹ̀ tí ọmọ náà ń wọ́ nílẹ̀.

Tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá bá ku ọ̀la, yóò da ẹyin iná sínú àwo amọ̀ kékeré, yóò bu tùràrí lé e, yóò sì máa na aṣọ àwọn ọmọ sókè èéfín náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ti kípà dé orí ti ẹni tí kò ní kúrò lórí bẹ́ńṣì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, ó ní ṣé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ gbé ni. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n na orílẹ̀-èdè tó jù wọ́n lọ, ọkùnrin náà gbé ẹ̀wù ara rẹ̀ wá fún tùràrí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn Bàbá Nayif ń fẹ́. Ó fẹ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ tí ìdíje àgbáyé yóò ṣí nílé wa, kí ó rí àwọn ọmọ nínú aṣọ tí òun fi ọwọ́ ara òun sun tùràrí sí, kí orin orílẹ̀-èdè máa dún, kí gbogbo ayé sì máa wò. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ikú dé tó bá wù ú. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ a sì dáhùn pé kí ó kọ́kọ́ tún páìpù ilé ìwẹ̀ ṣe kí ikú náà tó dé.

Ṣùgbọ́n ìdíje ọ̀hún kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń yọ̀ sí. Lójoojúmọ́ ni àwọn oníròyìn òkè òkun ń bú wa. Wọ́n ní ooru wa pọ̀ jù, wọ́n ní a kò gbá bọ́ọ̀lù rí nílẹ̀ wa, wọ́n ní àwọn àjèjì tó bá wa kọ́ pápá ń kú bí eṣinṣin. Àwọn kan ń sọ òtítọ́, àwọn kan ń sọ ìlara, ẹlòmíràn sì po méjèèjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi mọ èyí tí òun ì bá dá lóhùn. Àwa náà, dípò kí á jókòó kí á ṣa òtítọ́ inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ṣe la kó gbogbo rẹ̀ dànù pa pọ̀. Ìyẹn ni àṣìṣe wa lọ́dún náà, Bàbá Nayif sì wà nínú wa.

Láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ sí àgọ́ lẹ́yìn Doha. Wọn kò rí ìyàwó, wọn kò rí ọmọ, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jẹ, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sùn. Ẹni tó ń tọ́jú koríko pápá àgọ́ náà ni Khadga, ará Nepal, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Kì í wọ bàtà lórí koríko. Ó ní ẹsẹ̀ lásán ló ń sọ fún òun bí òùngbẹ bá ń gbẹ ilẹ̀. Òun àti Bàbá Nayif ni wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán lábẹ́ igi dàbínù, baba a gbé ìrẹsì àti ẹja tí ìyàwó rẹ̀ sè wá, Khadga a mú ata tirẹ̀ jáde láti inú ìgò, èyí tó máa ń mú omi jáde lójú baba tí baba kò sì ní yéé jẹ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin wà nílẹ̀ wa pé ní àsìkò ooru, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí pápá bàjẹ́ ní apá kan. Iwájú àwọ̀n tí kípà ń ṣọ́ gbẹ. Kípà ti ráhùn láàárọ̀ pé ilẹ̀ náà yóò bó òun ní ìgbọ̀nwọ́, ìráhùn ọmọ náà kò sì jẹ́ kí Bàbá Nayif gbádùn oúnjẹ.

Ó ní, "Khadga, ọmọ mi, wo ibẹ̀ yẹn. Ó ti gbẹ bí orí apárí. Ṣé o ò lè fa rọ́bà síbẹ̀ kó mu omi díẹ̀?"

"Baba, aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ẹ jẹ́ kó di mẹ́ta ààbọ̀."

"Mẹ́ta ààbọ̀ ti pẹ́ jù. Àwọn ọmọ máa jáde nírọ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Nítorí tèmi."

Khadga wo oòrùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Baba. Nítorí tiyín."

Bàbá Nayif kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ká ní ọ̀gá rẹ̀ ló sọ ọ́ ni, ì bá tọ́ka sí òfin, ì bá kọ̀. Ta ni yóò kọ̀ fún ẹni tó ń bá a jẹun nínú àwo kan? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà di ogójì, nítorí Khadga kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ààbọ̀. Nígbà tí Bàbá Nayif yọjú láti ilé aṣọ, ó rí rọ́bà tó ń tú omi sílẹ̀ lásán, ó sì rí ọkùnrin náà tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó sáré. Ó wọ́ ọ dé abẹ́ òrùlé bẹ́ńṣì, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì fi ìgò àwọn agbábọ́ọ̀lù da omi sí i lẹ́nu. Khadga gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ là, ó wo ibì kan tí kì í ṣe ojú baba, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta: "Kali. Kali. Kali." Lẹ́yìn náà, kò gbé omi mì mọ́, ṣe ni omi ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde. Ọlọ́gbà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dé, ó bá baba níbẹ̀ tó ṣì ń da omi.

Àwọn tó gba Khadga síṣẹ́ fi ọkọ̀ wọn gbé e lọ. Ọ̀gá wọn kan wá béèrè pé ta ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Nayif wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìwé jáde pé ojú oorun ni Khadga kú sí, nínú yàrá rẹ̀, òun nìkan, pé ikú àmúwá Ọlọ́run ni. Bàbá Nayif gbọ́, kò sì sọ nǹkan kan. Kí n má tan yín: ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó kú lójú oorun, kò sẹ́ni tó rán an sínú oòrùn.

Wọ́n gbé òkú lọ sí Nepal. Bàbá Nayif kò jẹun lábẹ́ igi dàbínù mọ́, inú ilé aṣọ ló ti ń jẹun, ó sì ń ti ilẹ̀kùn.

* * *

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdíje ṣí, kò sí ọjọ́ tí yàrá àlejò Bàbá Nayif ní Wakra kì í kún lẹ́yìn ìrun Àsárì. Tíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń wá. Ẹni tí kò kí i láti ọdún mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìbátan ni wọ́n. Sanad, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń mu kọfí mẹ́fà kó tó mi ago láti fi hàn pé ó tó, ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń fi àwọn àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Ghanim náà wà níbẹ̀, ọ̀gá àgọ́, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Bàbá Nayif ló ń gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà rẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù.

Sanad ń ráhùn. "Àna méje ni mo ní! Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lo fún mi. Ṣé kí n gé wọn sí wẹ́wẹ́ ni?"

"Jẹ́ kí wọ́n lọ ní ìdajì-ìdajì," ni Bàbá Nayif fèsì. "Kí ẹnì kan wo abala kìíní, kí èkejì wo abala kejì."

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ tí ọkùnrin kan fi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tó wọlé. Ará Nepal ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ tónítóní. Ó kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá ọ̀tún bó ṣe yẹ, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Purna ni orúkọ òun, pé òun ti ń wa ọkọ̀ fún ìdílé kan ní Doha fún ọdún méjìlá. Wọ́n ní kó sún mọ́ òkè. Bàbá Nayif fi ọwọ́ òsì gbé ìkòkò kọfí, ó fi ọ̀tún na ago sí i. Purna gbà á, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀ lórí ẹní, láìfẹnu kàn án.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó bá gbé kọfí kalẹ̀ láìmu, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá. Kò ní mu ún títí onílé yóò fi sọ pé kó mu, pé ohun tó wá fún ti di tirẹ̀. Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá jáde tí kọfí ṣì kún inú ago, àwọn ará àdúgbò yóò fi onílé náà pa ìtàn fún àwọn ọmọ ọmọ wọn.

Sanad ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Dírẹ́bà náà fẹ́ wo bọ́ọ̀lù! Àṣà wa ló wá fi gbá wa mú!"

Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín, inú Bàbá Nayif sì dùn pé àjèjì mọ ìwà ọmọlúàbí tó báyìí. Pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kò béèrè nǹkan kan. Ó ní, "Mu kọfí rẹ, ọmọ mi. O ti rí i gbà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Purna kò mu ún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba. Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi ni Khadga."

Bàbá Nayif gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé orí ibùsùn ló kú sí. Ìyàwó rẹ̀, Dhanmaya, ní irọ́ ni. Ó ní ọkọ òun kì í sùn lọ́sàn-án láyé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú dé ló ti ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ mi lórí fóònù: ta ló fún un lómi? Lọ́dọ̀ wa, Baba, ẹni tó bá ń kú lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ bu omi sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò bá rí omi, a máa ń rò pé òùngbẹ ló gbé lọ. Obìnrin náà kì í mu omi tán nínú ife mọ́, ó máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀ fún un. Ọlọ́gbà kan wá sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bàbá aláṣọ ló gbé e lé itan." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un bó ṣe kú."

Kí Bàbá Nayif tó lanu, Ghanim ti dá sí i. "Ọmọkùnrin, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìdíje yìí kọjá ná. Lẹ́yìn ìdíje, a máa jókòó..."

"Baba ni mo bẹ̀," ni Purna wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Nayif. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì so pọ̀ tí kò ṣeé tú. Tí ó bá sọ pé òun fún un lómi, yóò sọ ibi tí ó ti fún un. Tí ó bá sọ ibi tí ó ti fún un, yóò sọ ẹni tó rán an lọ síbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, bó ṣe wò ó lóṣù kẹjọ.

Ó ní, "Ghanim sọ òótọ́. Lẹ́yìn ìdíje."

Purna dìde. Ó kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe kí wọn nígbà tó wọlé, ó wọ bàtà, ó sì lọ. Ago náà wà lórí ẹní, kọfí kún inú rẹ̀. Sanad, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, mi ago tirẹ̀ nígbà tí kò tíì mu ju ẹyọ kan lọ. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi rántí pé àwọn ní iṣẹ́ nílé.

* * *

Bàbá Nayif kò jẹ́ kí wọ́n gbé ago náà. Ọjọ́ kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ yí i ká. Lọ́jọ́ kẹta ó dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Nayif, ṣé ago yìí ni màá máa yà fún títí ìdíje yín á fi parí?"

"Fi sílẹ̀."

"Mo fi sílẹ̀. Eṣinṣin ni kò fi sílẹ̀." Ó jókòó, ó sì wò ó. "Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e lé itan?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan "nítorí tèmi." Obìnrin náà kò pariwo, kò sì tù ú nínú. Ó ní, "Èmi ni mo sè oúnjẹ tí ẹ jọ jẹ lọ́jọ́ yẹn," ó sì padà sí ilé ìdáná.

Saluma, ìyá bàbá rẹ̀, ni Bàbá Nayif ń rò. Ẹrú ni ọkọ Saluma, Jawhar, wọ́n kó o wá láti etíkun Áfíríkà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ kó péálì fún olówó rẹ̀. Lọ́dún kan, ọkọ̀ padà dé, Jawhar kò sí nínú rẹ̀. Olórí ọkọ̀ ní Ọlọ́run ló mú un. Saluma mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń mú gbogbo ènìyàn, bó ṣe mú un ló ń béèrè. Ṣé okùn tí wọ́n fi ń fà á sókè ló já ni? Ṣé wọ́n pẹ́ jù kí wọ́n tó fà á ni? Ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ náà títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Faraj ti tó ọmọ ọdún méje nígbà náà, òun ló máa ń di ọwọ́ ìyá àgbà mú lọ sí etí omi, ó sì rántí ohun tí àwọn ọkùnrin náà máa ń ṣe bí ó bá ti béèrè. Wọ́n á wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Saluma ṣe kú, láìmọ̀.

Ìtìjú tó mú un nínú yàrá yẹn ju ti ọjọ́ tí Purna jáde lọ. Ó sunkún, àgbàlagbà ọlọ́dún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Ghanim nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní àgọ́.

"Mo fẹ́ pe obìnrin yẹn."

Ghanim ti ilẹ̀kùn. "Bàbá Nayif, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù! Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Tó bá parí, èmi fúnra mi ni màá bá yín pè é."

"Tí mo bá kú ṣáájú ńkọ́?"

"Ẹ ò ní kú."

"Khadga náà rò bẹ́ẹ̀."

Ghanim jókòó sórí tábìlì. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe? Tí obìnrin náà bá ti gbọ́, àwọn oníròyìn máa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orí pápá tí àwọn ọmọ wa ti ń múra, Baba! Ní aago tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́! Àwọn ọmọ yẹn ti fi oṣù márùn-ún sílẹ̀ láìrí ilé. Ṣé orúkọ òkú ni wọ́n máa gbé wọ pápá? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."

"Ghanim, kì í ṣe ilé baba mi ni mò ń júwe. Ilé tèmi ni. Inú ilé tèmi ni ago yẹn wà."

Láti ìta, ariwo bọ́ọ̀lù ń wọlé, àwọn ọmọ ń pe ara wọn lórúkọ.

"Mi ò lè jẹ́ kí ẹ jókòó lórí bẹ́ńṣì o," ni Ghanim wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde tí wọ́n sì rí ojú yín níbẹ̀..."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá Nayif bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí, tí ó ti ń fi han Sanad láti oṣù kejì. Ó gbé e lé orí tábìlì. Ghanim kò lè wò ó lójú.

"Ẹni tó bá máa lọ aṣọ kípà," ni baba wí, "kó yí i padà kó tó lọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ á bó. Tùràrí wà nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù, lápá ìsàlẹ̀. Kí wọ́n má bù ú pọ̀ jù, ó máa ń wọ àwọn ọmọ lójú." Ó jáde.

* * *

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Àsárì, ó ránṣẹ́ pe Purna. Ó pe Sanad náà àti àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, nítorí pé ìtìjú tó ṣẹlẹ̀ níwájú ènìyàn, níwájú ènìyàn náà ló yẹ kó tán. Ṣáájú kí wọ́n tó dé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ họ kọfí tó ti gan mọ́ inú ago, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e padà sí ibi tó wà.

Purna jókòó síwájú rẹ̀. Bàbá Nayif bu kọfí gbígbóná sí i. Purna wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó mú fóònù jáde, ó pè é, ó sì gbé e sórí ẹní láàárín àwọn méjèèjì. Ohùn obìnrin kan jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àkùkọ kan ń kọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́, Baba. Màá máa túmọ̀."

Bàbá Nayif ti fi ọjọ́ púpọ̀ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹní to aṣọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dà rú. Ó ní, "Sọ fún un pé èmi ni mo fún ọkọ rẹ̀ lómi."

Purna túmọ̀ rẹ̀.

"Sọ fún un pé ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́ ìbòòji ló wà. Orí itan mi ló wà. Kò dá wà." Ó mí kanlẹ̀. "Sọ fún un pé kì í ṣe lórí ibùsùn. Lórí pápá ni, lọ́sàn-án gangan. Èmi ni mo rán an. Ó ní kí n jẹ́ kó di aago mẹ́ta ààbọ̀, mo ní kí ó ṣe é nítorí tèmi. Kípà wa ló ń ráhùn. Ó ṣe é nítorí tèmi, ó sì pa á. Wọ́n bi mí, mi ò sì sọ̀rọ̀. Sọ gbogbo rẹ̀, má yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ú."

Purna túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Sanad ti fi etí aṣọ orí rẹ̀ bo ojú.

"Ó ní, ṣé ọkọ òun sọ̀rọ̀?" ni Purna béèrè.

"Ó sọ ọ̀kan. Mo rò pé orúkọ ọmọ rẹ̀ ni. Kali. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta."

Purna kò tilẹ̀ ní láti túmọ̀ ìyẹn, obìnrin náà ti gbọ́. Ohun kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí ó jọ ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ó sunkún, ẹkún gígùn tí àwọn ọkùnrin inú yàrá náà kò mọ ibi tí wọn yóò wò nítorí rẹ̀. Purna náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹfọ̀n wa ni," ló sọ. "Ẹfọ̀n dúdú tó ń fún wa ní wàrà. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á dúró létí odò, á máa pè é kó wá mu omi. Kali, Kali, Kali. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn."

Dhanmaya sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Purna tẹ́tí, kò yára túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó pa fóònù, ó wo ojú Bàbá Nayif.

"Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe sí ti pé ẹ̀yin lẹ rán an. Ó lè pẹ́ kí òun tó mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun ò ní mọ̀ ọ́n láé. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ fún un, ó ní òun gbà á."

Bàbá Nayif mi orí.

Purna gbé ago. Kọfí ti tutù. Bàbá Nayif na ọwọ́ kí ó gbà á kó dà á nù, nítorí a kì í fún àlejò ní kọfí tútù, ṣùgbọ́n Purna ti gbé e sẹ́nu, ó sì mu ún dé ìsàlẹ̀. Baba wá tún na ọwọ́, ó ń retí kí ó mi ago náà kó sì dá a padà, kí ó dìde, kí ó máa lọ. Kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi nínú yàrá náà.

Purna kò mì ín. Ó na ago náà síwájú, ní ṣíṣófo, ó sì dúró kí baba bu òmíràn.